Ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ ò gbomi wọlé: àwọn ibi tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó náwó

"Ẹ̀gbọ́n, mo tẹ̀ ẹ́, iná rẹ̀ tàn, ó kùn díẹ̀, ó wá dákẹ́. Ìgbà tí mo ṣí i, gbogbo abọ́ inú rẹ̀ gbẹ táútáú." Mi ò lè ka iye ìgbà tí wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yìí, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń parí sí: "Ṣé kí n kúkú lọ ra fáàfù tuntun?"

Ẹ má tíì rà á. Omi ní ọ̀nà tó ń tọ̀. Ó ń kúrò lẹ́nu táàpù bọ́ sínú họ́ọ̀sì, ó ń gba inú asẹ́ kékeré kan kọjá, ó ń kan fáàfù (ẹnu ọ̀nà oníná tó ń ṣí, tó sì ń tì fún omi), ẹ̀yìn ìyẹn ló tó dé inú ẹ̀rọ. Fáàfù yìí kì í dá ṣí ara rẹ̀. Tí ilẹ̀kùn ò bá tì dáadáa, tàbí tí fúlótà (nǹkan oníke tó ń léfòó lórí omi) bá ń sọ pé omi ti kún, kò ní ṣí. A ó tọ ọ̀nà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ibi tí ọwọ́ lè dé láìtú ẹ̀rọ palẹ̀ ni ìdíwọ́ náà sábà máa ń wà.

## Ṣé lóòótọ́ ni kò gbomi?

Ẹ má bínú pé mo bi yín. Ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ kì í kún bí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, nǹkan bíi lítà 3 sí 5 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá ni omi náà ń wà, pọ́ǹpù á wá máa gbé omi kan náà yí po, á máa fín in sára abọ́. Ẹni tó bá ń retí kí omi mu abọ́ dé ọrùn á máa rò pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Nǹkan mìíràn tún ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ fa omi àná tó ṣẹ́ kù jáde kó tó gba tuntun. Ẹ má tètè ṣí i.

1. Ẹ kó abọ́ jáde, kí ẹ yan ètò ìfọ̀ tó kúrú jù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́.
2. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 5.
3. Ẹ fa ilẹ̀kùn díẹ̀, ẹ dúró kí pọ́ǹpù dákẹ́ ná, kí ẹ tó wá ṣí i tán. Tí ẹ bá já a ṣí lójijì, omi lè ta sí yín lójú.
4. Ẹ fa agbọ̀n ìsàlẹ̀ jáde, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹ̀rọ.

Tí ẹ bá rí omi tó tẹ́ yí asẹ́ ìdí ẹ̀rọ ká, ẹ̀rọ yín ń gbomi. Ẹ lọ wo pọ́ǹpù àti àwọn apá tó ń fín omi, ọ̀rọ̀ tiyín ò sí nínú èyí. Omi bí ife kan tó bá wà nínú kòtò abẹ́ asẹ́ nìkan kò já mọ́ nǹkan kan, ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Tí kò bá sí ju ìyẹn lọ, ẹ máa bá mi bọ̀.

## Ẹ tẹ́tí sí i

Kí ẹ tó gbé irinṣẹ́ kankan, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ sì gbé etí sún mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

- Ó ń kùn "hùn-ùn-ùn" ṣùgbọ́n omi ò ṣàn. Iná dé ọ̀dọ̀ fáàfù. Omi ni kò dé, tàbí asẹ́ ti dí, tàbí fáàfù fúnra rẹ̀ ti gan. Ìgbésẹ̀ 1 sí 3 ni tiyín.
- Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Iná ò dé ọ̀dọ̀ fáàfù, tàbí fáàfù ti kú. Ẹ wo ilẹ̀kùn àti fúlótà (ìgbésẹ̀ 4 àti 5), kí ẹ tó máa ronú fáàfù.
- Pọ́ǹpù ń fa omi jáde ṣáá, kò dáwọ́ dúró. Ó ṣeé ṣe kí omi ti jò sínú tíréè tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ fò lọ sí ìgbésẹ̀ 4.
- Ẹ ń gbọ́ "ṣọ̀ọ̀ọ̀" bí omi ṣe ń wọlé, àmọ́ ìdí rẹ̀ ò kún. Omi ń wọlé, ó sì ń gba ẹ̀yìn jáde. Ìgbésẹ̀ 6.

Tí ojú ẹ̀rọ bá ń kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó pa á. Lórí Bosch àti Siemens, E18 ni ti omi tí kò wọlé. Samsung ń kọ 4C tàbí 4E, LG ń kọ IE, AEG àti Electrolux sì ń kọ i10. Àmọ́ tí ẹ bá rí E15 lórí Bosch, LC tàbí LE lórí Samsung, AE lórí LG, tàbí i30 lórí AEG, omi ló ti jò sísàlẹ̀, kì í ṣe pé táàpù gbẹ.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Omi àti iná ò gbọ́dọ̀ pàdé lọ́wọ́ yín. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Pípa bọ́tìnnì nìkan ò tó. Tí wọ́n bá kọ́ ẹ̀rọ náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ò rí púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ pa bíréékà rẹ̀.

Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí sí tòsí:

- bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ pẹrẹsẹ kan
- àkísà méjì tó gbẹ
- tọ́ọ̀ṣì
- púláyà
- búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ ò lò mọ́
- fínígà funfun díẹ̀
- fóònù yín, kí ẹ lè ya fọ́tò ohun gbogbo bó ṣe wà kí ẹ tó tú u

## Ìgbésẹ̀ 1: Táàpù

Mo ní ìtàn kan tí mi ò fẹ́ràn láti sọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tèmi fúnra mi ò gbomi. Mo wọ́ ọ jáde, mo tú pátákó ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo tẹ́ gbogbo sikúrúù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni pàtẹ ọjà. Ó kù díẹ̀ kí n tú fáàfù ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síǹkì tó ní, "Bàbá mi, kí ló dé tí ọwọ́ táàpù yìí dá bùú?" Ẹni tó nu abẹ́ síǹkì láàárọ̀ ló tì í. Láti ọjọ́ náà, táàpù ni mo máa ń kọ́kọ́ dì mú.

Tí táàpù yín bá ní ọwọ́ gígùn, ó ṣí nígbà tí ọwọ́ náà bá tẹ̀ lé páìpù lọ gbọọrọ, ó sì tì nígbà tó bá dá bùú. Tó bá jẹ́ olórí róbótó, ẹ yí i sí apá òsì títí tí kò fi ní yí mọ́. Táàpù tó ti gbó lè máa yí lọ́wọ́ yín síbẹ̀ kí ó má ṣí nínú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wọn omi gan-an:

1. Ẹ ti táàpù, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tú họ́ọ̀sì ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu rẹ̀.
2. Ẹ ṣí táàpù tán fún ìṣẹ́jú àáyá 15 péré, kí ẹ sì tì í.
3. Ẹ wọn omi tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìwé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń béèrè nǹkan bíi lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé ó yẹ kí ẹ rí lítà 2 àbọ̀ nínú ìdánwò yìí. Tí ó bá kéré sí i gan-an, ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Á dúró de omi títí ìṣẹ́jú tí wọ́n dá fún un á fi pé, á wá sọ pé òun ò rí omi.

Ẹ̀yin tí omi yín ń ti táńkì wá láìsí pọ́ǹpù, ẹ dúró gbọ́ èyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń béèrè kéré tán ni agbára omi bar 0.5 (bar ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń fi agbára ti nǹkan tó). Kí omi tó ní bar 1, táńkì gbọ́dọ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 10 ju ibi tí ẹ ti ń lo omi lọ. Mítà 5 ni bar 0.5 nìyẹn. Táńkì tó wà lórí ìdúró kékeré ní ẹ̀gbẹ́ ilé lè fún yín lómi ìwẹ̀ dáadáa kó má sì lè ti omi wọ inú ẹ̀rọ ìfọ-abọ́. Ẹ lè gbé táńkì ga sí i, tàbí kí ẹ so pọ́ǹpù kékeré tó ń fún omi lágbára mọ́ páìpù. Pípààrọ̀ fáàfù ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí.

Níbi tí òtútù ti ń mú kí omi dì, ẹ fọwọ́ kan páìpù àti họ́ọ̀sì tó wà lẹ́bàá ògiri ìta. Ẹ jẹ́ kí yàrá gbóná kí yìnyín inú rẹ̀ yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi iná sun ún.

## Ìgbésẹ̀ 2: Họ́ọ̀sì

Tí wàhálà yìí bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbá ilẹ̀ ilé ìdáná, tàbí lẹ́yìn tí ẹ ti ẹ̀rọ wọlé padà, ẹ fura sí họ́ọ̀sì. Ẹ rọra fa ẹ̀rọ síwájú, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Họ́ọ̀sì tó ká kì í fara sin: ojú ibi tó ti ṣẹ́ á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìgbà tí èèyàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìlà funfun á sì hàn lára rọ́bà náà. Ẹ nà án, kí ẹ sì lọ́ ọ ní ìlọ́ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó má baà tún ká nígbà tí ẹ bá tì í padà. Tí ibi tó ṣẹ́ náà bá ti rọ̀ jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí ibẹ̀ náà ló máa bẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Àwọn họ́ọ̀sì kan ní àpótí oníke tó wúwo lẹ́nu táàpù. Ẹ̀rọ ààbò ni. Tí wáyà bá wà nínú rẹ̀, ẹ má gé họ́ọ̀sì náà kúrú, ẹ má sì ti àpótí náà bọ omi, iná wà níbẹ̀. Irú tí kò ní wáyà máa ń ní ojú fèrèsé kékeré kan. Tí ojú náà bá ti pọ́n, họ́ọ̀sì inú ti bẹ́, àpótí náà sì ti dí ọ̀nà omi. Kò ṣeé dá padà. Ẹ ra họ́ọ̀sì mìíràn.

## Ìgbésẹ̀ 3: Asẹ́ ẹnu ọ̀nà

Tí ẹ bá kánjú tí ẹ sì lè ṣe ẹyọ kan péré nínú gbogbo èyí, ẹ ṣe ìgbésẹ̀ yìí. Asẹ́ náà kéré bí ìdérí ìgò, ihò rẹ̀ tín-ín-rín. Iyanrìn, ìpẹ́ ìpẹtà inú páìpù, àti fọ́nrán téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà fi ń wé ẹnu páìpù ló sábà máa ń kó sí i. Ti ẹnì kan tí mo tú, iyanrìn ti dì mọ́ ọn débi pé ó dà bí owó ẹyọ tó dípẹtà. Omi ò lè kán nínú rẹ̀.

1. Ẹ rí i pé ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ sì ti ti táàpù.
2. Ẹ gbé abọ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ tú. Omi inú họ́ọ̀sì á dà.
3. Ẹ wo ẹnu họ́ọ̀sì níbi tó ti wọ táàpù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tó ti wọ ẹ̀rọ, tó bá ṣeé tú níbẹ̀. Asẹ́ lè wà ní ọ̀kan, ó lè wà ní méjèèjì.
4. Ẹ fi ẹnu púláyà di ahọ́n kékeré àárín rẹ̀ mú, kí ẹ fà á jáde gbọọrọ. Ẹ má yí i, ó máa ń ya.
5. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí ìdọ̀tí lè padà gba ibi tó gbà wọlé jáde.
6. Tí nǹkan funfun tó le bí ẹfun bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tún fọ̀ ọ́.
7. Ẹ dá a padà, kí ẹ wò ó bóyá rọ́bà róbótó inú ẹnu họ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀. Ó máa ń já bọ́ láìjẹ́ kí èèyàn mọ̀.
8. Ẹ fi ọwọ́ yí ẹnu họ́ọ̀sì mọ́ táàpù títí yóò fi le. Tí ẹ bá lo púláyà, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan lọ. Oníke ni, tí ẹ bá fún un jù, á là.
9. Ẹ rọra ṣí táàpù, kí ẹ fi bébà gbígbẹ nu oríkèé náà yí ká. Bébà ò gbọ́dọ̀ tutù.

Ìkìlọ̀: àwọn kan máa ń ju asẹ́ yìí nù torí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́. Iyanrìn tí asẹ́ ò mú á lọ há sẹ́nu fáàfù, fáàfù ò sì ní lè tì mọ́. Omi á wá máa wọlé ṣáá kódà nígbà tí ẹ ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ilé á sì kún. Tó bá ti ya, ẹ ra òmíràn.

## Ìgbésẹ̀ 4: Fúlótà, òkè àti ìsàlẹ̀

Fúlótà ni nǹkan oníke tó ń léfòó tí omi bá ti tó, tó sì ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó má gbà mọ́. Tó bá há sókè, ẹ̀rọ á gbà pé òun ti yó, nígbà tí inú rẹ̀ gbẹ.

Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ẹ ó rí i ní ìdí ẹ̀rọ lápá iwájú tàbí ní igun, bí ife kékeré tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹ fi ìka gbé e sókè kí ẹ sì jẹ́ kó já bọ́ fúnra rẹ̀. Ó yẹ kó rọra bọ́ sílẹ̀. Tó bá ń lọ́ra, ọ̀rá àti ọṣẹ ló dì mọ́ ọn lábẹ́; ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ṣíbí kékeré kan ló há sábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ ò bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú tiyín, ẹ̀rọ yín ń wọn omi lọ́nà mìíràn, ẹ máa lọ.

Fúlótà kejì wà nínú tíréè abẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, níbi tí omi tó bá jò ń kó jọ sí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ tú pátákó tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wọlé. Tí omi bá wà níbẹ̀, ẹ fi àkísà fà á gbẹ. Àwọn kan máa ń yí ẹ̀rọ sẹ́yìn kí omi náà lè dà jáde. Ó wúwo, ẹ má dá a ṣe, ẹ má sì ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ ò tíì parí síbẹ̀, nítorí omi yẹn ríbi gbà débẹ̀. Ẹ bi àwọn ará ilé: ta ló da ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ lọ́wọ́ sínú ẹ̀rọ? Ọṣẹ yẹn máa ń hó débi pé ìfófòó á gba etí ilẹ̀kùn jáde sínú tíréè. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbẹ tíréè, ẹ fi omi lásán ṣan inú ẹ̀rọ, kí ẹ sì padà sí ọṣẹ tirẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò ṣe bẹ́ẹ̀, tí omi sì tún padà, nǹkan kan ń jò nínú, ẹ pe oníṣẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ilẹ̀kùn àti àwọn bọ́tìnnì

Èyí ò pẹ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn títí tí ẹ ó fi gbọ́ "kà". Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ ìkòkò kan yọ síta nínú agbọ̀n tó ń ti ilẹ̀kùn padà. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnnì tó ń sún ìfọ̀ sí wákàtí díẹ̀ sí i, tàbí èyí tó ń ti bọ́tìnnì mọ́ àwọn ọmọdé. Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì fún ìṣẹ́jú 5, ẹ dá a padà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 6: Omi ń wọlé, ó ń sá lọ

Họ́ọ̀sì tó ń gbé omi ìdọ̀tí jáde gbọ́dọ̀ gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Tó bá sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi tó ń wọlé á kàn máa fa ara rẹ̀ jáde. Ẹ so ó mọ́ abẹ́ tábìlì síǹkì, kí ibi tó ga jù lára rẹ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 ga ju ilẹ̀ lọ, ó kéré tán. Ìwé ẹ̀rọ yín á sọ iye gan-an. Ẹ má sì ki ẹnu rẹ̀ bọ inú páìpù ìdọ̀tí jìnnà jù.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fọwọ́ bomi sí i

Tí gbogbo èyí ò bá yanjú rẹ̀, ẹ da lítà 3 sí ìdí ẹ̀rọ, ẹ tì í, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ètò kúkúrú. Tí ẹ bá gbọ́ pé ó ń fọ̀, pọ́ǹpù yín dára, apá ibi tí omi ń gbà wọlé ni àìsàn wà. Tí kò bá fọ̀, ẹ má tíì ka pọ́ǹpù sí òkú: àwọn ẹ̀rọ kan ní àgbá kékeré kan tó ń yí bí omi ṣe ń kọjá, tí wọ́n fi ń ka omi. Omi tí ẹ dà sí i lọ́wọ́ kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ lè kọ̀ ọ́. Àgbá kan náà tó bá há ló ń mú kí àwọn ẹ̀rọ kan gbomi díẹ̀, kí wọ́n wá dúró pé àwọn ò rí omi.

Ìdánwò lèyí o. Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀nà tí ẹ ó fi máa fọ abọ́ lójoojúmọ́.

## Ìgbésẹ̀ 8: Fáàfù

Kìkì ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń lo tẹ́sítà (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná àti wáyà) ni kó ka èyí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ ya fọ́tò wáyà méjèèjì, ẹ fà wọ́n yọ, kí ẹ gbé tẹ́sítà sí ohm. Fáàfù tó ń lo fóòtì 220 sí 240 sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí 3000 sí 5000 ohm. Ti fóòtì 120 kéré sí i púpọ̀. Tí tẹ́sítà ò bá rí ọ̀nà kankan, kọ́ìlì (wáyà wíwé) inú rẹ̀ ti já. Tó bá wọn dáadáa, tó ń kùn, tí asẹ́ mọ́, tí omi sì lágbára, ó ti gan nínú. Kò sí àtúnṣe fún un, pípààrọ̀ ni. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára ìwé kékeré ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ra á, ẹ má fi ojú wọn ọ́n. Ẹ má sì wọn iná lára rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

## Ìgbà tó yẹ kí ẹ pe oníṣẹ́

- Bíréékà ń já ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.
- Omi tún padà sínú tíréè lẹ́yìn tí ẹ gbẹ ẹ́.
- Ẹ gbóòórùn nǹkan tó ń jóná, tàbí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti dúdú.
- Fáàfù tuntun wọlé, ó ṣì dákẹ́.
- Ọjọ́ ìdánilójú tí wọ́n fún yín lórí ẹ̀rọ kò tíì pé. Tí ẹ bá tú u fúnra yín, wọ́n lè kọ̀ láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Tí ẹ bá pè é, ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ (ó kùn, àbí ó dákẹ́), lẹ́tà tó wà lójú ẹ̀rọ, iye lítà tí ẹ rí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, àti pé ẹ ti fọ asẹ́. Oníṣẹ́ tó gbọ́ mẹ́rin yìí á mọ ohun tó yẹ kó gbé bọ̀.

Tó bá sì ti ń gbomi, ẹ má tíì tì í wọlé sáyè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọ̀ lẹ́ẹ̀kan tán níwájú yín, kí bébà gbígbẹ wà lábẹ́ oríkèé họ́ọ̀sì di ọjọ́ kejì. Tó bá gbẹ láàárọ̀, ẹ tì í wọlé, kí ẹ máa wo họ́ọ̀sì náà bí ẹ ṣe ń tì í.